Ọjọ́ tí Àna Ọ̀rọ̀-ò-tán Gbọ́ Rédíò

Ọ̀rọ̀-ò-tán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìnagijẹ náà sì bá a mu. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún ilẹ̀kùn tí kò lára àti ara tí kò nílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni kó pe ilé iṣẹ́ rédíò, kó bá àlejò wọn jiyàn. Bó ṣe ń tú nọ́ọ̀tì fíríìjì lọ́wọ́ ni yóò gbé fóònù sétí. Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ a sì dùn bíi pé wọ́n fi í joyè.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, obìnrin kan tó ń ṣèwádìí ojú ọjọ́ ni àlejò. Ó ní èéfín epo, gáàsì àti èédú tí à ń sun ti bo ayé bí aṣọ ìbora, ooru kò ríbi jáde tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí òjò fi ń ṣe ségesège. Ọ̀rọ̀ náà yé Ọ̀rọ̀-ò-tán yékéyéké. Ta ni ì bá tún yé jù ú lọ? Ojoojúmọ́ ló ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fa fíríìjì kúrò lára ògiri, torí bí ooru ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá rọ́nà lọ, inú rẹ̀ kò ní tutù. Ó yé e, ó sì tún pè wọ́n. Èmi ò rí àwáwí kankan fún un níbẹ̀.

"Ìyá wa," ó ní, "ṣé ọ̀dá ò dá láyé àwọn bàbá ńlá wa ni?"

"Ó dá," obìnrin náà fèsì. "Ojú ọjọ́ ti ń yí padà tipẹ́. Àmọ́ tọ̀tẹ̀ yìí yá jù, ọwọ́ wa ló sì fà á. A ti wọ̀n ọ́n."

"Ẹ wọ̀n ọ́n? Ẹ wọn àwọn àgbẹ̀ náà wò! Ọ̀lẹ ni wọ́n! Ẹni tí kò lè gbé ọkọ́ mọ́ ló ń di ẹ̀bi ru òjò!"

Olóòtú ètò rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Nígbà tó délé, bàbá ìyàwó rẹ̀ ló bá ní pálọ̀, báàgì lẹ́sẹ̀, fìlà lórí orúnkún. Àgbẹ̀ àgbàdo ni bàbá náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìn lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni oòrùn jó o mọ́lẹ̀. Ó wá tọrọ ibi tí yóò sùn títí òjò yóò fi rọ̀. Ọmọ rẹ̀, tó fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ yangàn, ló tan rédíò fún un pé, "Bàbá, ẹ wá gbọ́ ọkọ mi!" Àṣé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Káàbọ̀, ọkọ ọmọ mi," bàbá wí. "Mo gbọ́ ọ. O mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwàdà ni. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí."

"Rárá o. Láti ìgbà tí àgbàdo ti gbẹ ni mo ti ń bi ara mi bóyá ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Mi ò rẹ́ni bi. Ìwọ tó o mọ̀wé wá sọ ọ́."

Kò fi bú u. Ó gbà á gbọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló bá Ọ̀rọ̀-ò-tán lójijì. Ojú tì í, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé èéfín, aṣọ ìbora àti ẹ̀yìn fíríìjì, ó ń kólòlò. Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣebí ìwọ náà lo ní irọ́ ni?"

Lọ́jọ́ kejì ó pe rédíò láti tọrọ àforíjì. "Ọ̀tá àwọn ọ̀lẹ ti dé!" ni olóòtú fi kí i. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré rẹ̀ ló tún gbé dé. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ì bá sàn kó bá a jà.

Kò pẹ́ sí i, bàbá kó báàgì rẹ̀, ó ní òun ti ríṣẹ́. Ilé iṣẹ́ oníyìnyín kan ló ń ṣọ́. Ọ̀rọ̀-ò-tán wá a lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó bá a nínú yúnífọ́ọ̀mù tó tóbi jù ú lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Èmi ni mo purọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń sọ ọ́."

Bàbá fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ti dé ẹnu géètì, ó fun fèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àkọ́bí bàbá jù lọ́jọ́ orí yọrí síta nínú ọkọ̀ náà, ó pariwo, "Bàbá, ṣé oorun lẹ wá sùn níbí ni?"

"Mò ń bọ̀, ọ̀gá! Ẹ má bínú, ọ̀gá!"

Bàbá di sòkòtò rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó sáré lọ ṣí géètì.