Orí Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ọrùn Súẹ́tà

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi orí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, torí orí yẹn gan-an ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Orí náà tóbi. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú u. Inú ìyá kan náà la ti jáde, èmi ni mo sì ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì lè gbé e dúró. Kò sí fìlà ọjà tó gbà á rí. Nígbà tó wá mú obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ hun súẹ́tà wálé, mo ní kí ìyàwó yára ra òwú pamọ́. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní irú orí tí òun ti ń wá kiri nìyẹn.

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, àṣé kò ṣàwàdà rárá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yàrá iwájú ilé wọn, tó ní fèrèsé ńlá kan. Ẹ̀rọ náà gùn gbọọrọ lórí tábìlì tí àbúrò mi kàn fún un, torí iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, abẹ́rẹ́ bí igba sì tò sórí rẹ̀ bí eyín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ súẹ́tà hun, kó má wulẹ̀ wo àyà tàbí apá. Ọrùn ni kó wò. Ọwọ́ ẹ̀rọ lásán ni ẹ máa tì síwá sẹ́yìn tí àyà fi máa jáde. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá ti dé ọrùn, ìyàwó yìí kì í dáhùn bí ẹ bá kí i. Á fi òwú aláwọ̀ mìíràn gba inú àwọn ojú òwú, àwọn ihò kéékèèké tí òwú ń ká, tó wà láàárín kí wọ́n má baà tú, á hun èjìká kan, á hun èkejì. Lẹ́yìn náà, á kó gbogbo ojú òwú etí ọrùn padà sórí abẹ́rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á hun ún kó le ju ara súẹ́tà lọ díẹ̀, á ṣẹ́ ẹ po, á wá fi ọwọ́ rán an pa. Bí ojú òwú bá pọ̀ jù, etí ọrùn á rí wúruwùru. Bí ó bá kéré jù, orí ò ní wọlé.

"Ọrùn tó dáa," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, "á la ẹnu fún orí, á sì tún pa ẹnu rẹ̀ dé."

Ibẹ̀ ni orí àbúrò mi ti wúlò. Gbogbo súẹ́tà àgbà tó bá jáde lórí ẹ̀rọ, òun ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Tó bá ti gba orí rẹ̀, kò sí orí tí kò ní gbà láyé, tó bá sì tún lẹ̀ mọ́ ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, iṣẹ́ ti parí. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ìwọ̀n. Inú òun náà sì ń dùn sí i. Bí orí bá ti wọnú súẹ́tà, á bẹ̀rẹ̀ eré: á máa ju ọwọ́, á máa pariwo láti inú ibẹ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú mọ́ òun, kí wọ́n bá òun wá àtùpà. Odidi ọdún méjìlélógún ló fi ṣe eré kan náà, a ò sì yé rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, mo wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń mu tíì. Ìyàwó, tó ń pè mí ní Òpéléńgé láti ọjọ́ tó ti wọlé wa (ẹ̀gbẹ́ ni mo sì fi ń wọ ẹnu ọ̀nà báyìí), na súẹ́tà pupa kan sí ọkọ rẹ̀. Ó kó o sórí. Ó dé imú, ó dúró. Ó ju ọwọ́ ọ̀tún, ó ń sọ nǹkan kan tí kò yé wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó jọ pé orí yìí tún dàgbà sí i lóru." Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi fara ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ tòun ti súẹ́tà lójú, a ṣì ń rẹ́rìn-ín. Èèyàn lè ka ení dé ogún kí a tó dákẹ́. Nígbà tí a fà á kúrò lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú, àmọ́ ọwọ́ òsì kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí yí mi ká tí wọ́n ń bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo ní, "Inú súẹ́tà ìyàwó rẹ̀ ló wà tó fi ṣubú, ìyàwó sì ń rẹ́rìn-ín." Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Èmi ni mo kàn yọ ara mi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mí, ohun tí mo bá sọ nínú ilé wa máa ń dúró ni. Ẹyin sì lohùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn kan ti ń sọ pé òwú ló fún ọmọ wa lọ́rùn, wọn ò sì fi ẹnu tó dáa kí obìnrin náà mọ́.

Àbúrò mi padà sílé, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, kò sì jáde síwájú mọ́. Dókítà ní kó máa fi ọ̀pá rìn, kó máa jókòó sáàárín èèyàn. Ó kọ̀. Ìyàwó hun súẹ́tà oníbọ́tìnnì fún un, ó ń wọ ìyẹn, àmọ́ bí nǹkan kan bá ti fẹ́ kan ojú rẹ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ ìnura, mímí rẹ̀ á yí padà, á kọ ojú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ gbà pé òun ló ń bínú sí. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ìyàwó sì ṣe bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ nídìí ọrùn. Ọ̀kan á há, èkejì á ṣò. Ìkòkò ìdáná ló wá ń tì bọ ọrùn súẹ́tà láti fi wọ̀n ọ́n. Ìkòkò ò ní etí, kò sì lè sọ pé ó ń dun òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ báńkì kan gbé súẹ́tà rẹ̀ padà wá. Ó fi ibi tó bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ hàn wá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí ológbò lẹ fi wọn tèmi ni?" Ìyàwó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ìyàwó tú ọrùn súẹ́tà náà, ó tún ń kó ojú òwú rẹ̀ sórí abẹ́rẹ́, omi sì ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí òwú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kò fo ojú òwú kan. Mi ò lè fara dà á mọ́.

Mo ní, "Ìyàwó, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní ilé ìwòsàn. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ìyẹn fún wọn."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀, Òpéléńgé mi. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gbọ́. Ṣé irọ́ lẹ pa? Mo rẹ́rìn-ín. Ó ń bẹ̀ mí, mo ń rẹ́rìn-ín."

Oṣù márùn-ún ló fi ń po tíì fún mi lẹ́yìn tó ti mọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé ife tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

Ìyàwó rán ọrùn náà pa, ó gbé ìkòkò, ó fa ọrùn súẹ́tà náà bò ó. Ìdí ìkòkò lu tábìlì. A wá gbọ́ ọ̀pá lórí sìmẹ́ǹtì, díẹ̀díẹ̀, láti yàrá ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣí. Àbúrò mi dúró síbẹ̀, ó ń wo ìkòkò.

"Ìkòkò," ó ní, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìkòkò lo wá fi rọ́pò mi."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọwọ́ ọ̀tún. "Gbé e wá." Ìyàwó rẹ̀ ń mi orí pé rárá, àmọ́ àbúrò mi kò gbé ọwọ́ náà sílẹ̀ títí obìnrin náà fi fún un. Ó gbé ọrùn súẹ́tà lé àtàrí ara rẹ̀, ó ń fà á wálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Mo rí i tí mímí rẹ̀ yí padà. Ìyàwó fẹ́ gbà á. Ọkọ rẹ̀ dá a dúró ní òkè ìpéǹpéjú gan-an, ojú rẹ̀ méjèèjì wà níta, ó ń wò wá.

"Ibí yìí ló tóbi jù," ó ní, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Tó bá ti kọjá ibí, ó ti wọlé. Ọdún méjìlélógún lẹ fi ń rì mí sínú súẹ́tà lásán."

Ẹ̀rín fẹ́ gbé mi, ẹ̀rù sì bà mí láti rín in. Ó rí mi.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi. Ògiri yẹn ò nípọn, mo gbọ́ yín." Ó yí sí ìyàwó rẹ̀. "Mi ò bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Eré ni mo ń ṣe. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nínú ibẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kọ̀."

Ìyàwó fi etí súẹ́tà nu ojú ara rẹ̀, ìyẹn súẹ́tà tó ṣì wà lórí ọkọ rẹ̀ bíi fìlà. Àbúrò mi fa ọrùn náà síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún, ó yọ ọ́, ó nà án sí i.

"Ó há," ó ní. "Tú u."

Obìnrin náà jókòó, ó wá ìdí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ ara rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Èmi ni mo ń ká òwú náà bó ṣe ń bọ̀, àbúrò mi sì wà láàárín wa lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ọrùn mìíràn.