Àjùwọlé Tí Raimo Ń Wá

Bí ẹ bá ń wá Raimo láàárọ̀ ìgbà ooru, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ sílé rẹ̀. Sirkka ìyàwó rẹ̀ á kàn nawọ́ sí òkè Kuusiharju ni, á sì máa mu kọfí rẹ̀ lọ. Pápá àwo jíjù mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń ju àwo oníke sínú agbọ̀n, ló wà láàárín igi páìnì níbẹ̀: kékeré fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ńlá fún àwọn ọ̀dọ́ tí egungun wọn ṣì le, àti ti àárín, níbi táwọn èèyàn gidi wà. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹni tó bá ń bínú kó máa bínú.

Raimo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé kó tó fẹ̀yìn tì. Pápá ńlá ló ń lò tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ló tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ti àárín. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé tí ìgbà ooru yìí bá ti parí, kó lọ gbé àwo kọ́. Ohun kan ṣoṣo ló wá kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ìyẹn ni àjùwọlé. Kéèyàn dúró lórí pèpéle símẹ́ńtì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kọjá etí rẹ̀, kó ju àwo oníke rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì bọ́ sínú agbọ̀n onírin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá ṣe é, àwọn tó rí i á kọ orúkọ wọn sára àwo náà, wọ́n á sì gbé e kọ́ sára ògiri ilé kọfí tó wà létí pápá. Bí kò bá sí ẹni tó rí i, ẹ kú àlá. Gbogbo ẹgbẹ́ Raimo ló ní àwo lára ògiri yẹn, Ahti sì ní méjì.

Ahti yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti kékeré, àmọ́ ó di ọdún kẹta báyìí tí wọn ò ti kí ara wọn. Níbi ìdíje ìgbà tí ewé ń rẹ̀, Raimo ju àwo rẹ̀, Ahti sì la ẹnu, ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ kọjá pèpéle." Ohun tí Raimo fi pàdánù ife nìyẹn. Ó ní Ahti ń jowú òun. Ahti ní, "Kí ló wà lára ẹ tí mo fẹ́ jowú?" Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwa ará ibí yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì lè jókòó sínú sáúnà, ilé ìwẹ̀ tó kún fún ooru, títí wọ́n á fi jáde láìsọ ju gbólóhùn méjì lọ. Nítorí náà, òjò dídì ti ń bọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura pé wọ́n jà.

"Lọ bẹ Ahti," Sirkka a máa wí.

"Kí n bẹ̀ ẹ́ nítorí kí ni? Òun ló ba tèmi jẹ́."

"Olórí kunkun. Àpáta ẹ̀yìnkùlé wa rọ̀ jù ẹ́ lọ."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Raimo nìkan ló ń jù ú bọ̀ títí ó fi kan agbọ̀n kọkànlá. Bó ṣe gun pèpéle ló gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ahti ni. Ahti dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, bó ti yẹ kéèyàn ṣe fún ẹni tó wà níwájú. Raimo ò kí i. Inú bí i pé kí ló tún gbé eléyìí dé, ó fi ìbínú sáré díẹ̀, ó sì ju àwo náà kọjá ibi tí agbára èjìká rẹ̀ mọ. Àwo gba àárín páìnì méjì, ó yà sósì, ṣéènì agbọ̀n dún ṣaworo. Ó wọlé.

Ayọ̀ gba gbogbo ara Raimo. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún un, torí ó ti tẹ koríko tútù níwájú símẹ́ńtì kí àwo tó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Raimo ní kí àtàǹpàkò náà dákẹ́.

Àwọn méjèèjì rìn lọ síbi agbọ̀n náà. Ahti yọ àwo, ó sì mú bírò jáde.

"Ó wọlé," ni Ahti wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti jà nìyẹn. "Jẹ́ kí n kọ orúkọ mi."

"Ṣé o rí ẹsẹ̀ mi?"

Bírò ni Ahti ń wò. "Agbọ̀n ni mò ń wò ní tèmi."

Ahti ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Ẹni tó ti fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn rí nínú ìdíje torí pé ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan tẹ́nikẹ́ni ò rí. Ó yé Raimo kedere pé ọkùnrin yìí fẹ́ pa irọ́ tí kò pa rí, kó ṣáà lè rí òun bá ṣọ̀rẹ́ padà. Àánú rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í.

"Ahti, má kọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"O ò mọ irọ́ pa, wo bí etí ẹ ṣe pọ́n. Ẹsẹ̀ mi kọjá."

Ahti dé ìdérí bírò náà.

"Lọ́jọ́ ìdíje yẹn náà," Raimo wí, ohùn rẹ̀ sì wúwo, "ó kọjá. Mo mọ̀ látọjọ́ yẹn."

"Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀." Ahti ti bírò bọ àpò. "Padà lọ tún un jù, àgbàyà. Ẹ̀fọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí tán."

Raimo padà, ó tún un jù. Àwo náà gbá igi páìnì, ó sì ta sínú igbó èso béérì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wá a. Ibẹ̀ ni Ahti ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún òun níbàdí. Ó ní ọmọbìnrin òun ti bímọ.

"Ìgbà wo?"

"Ó ti ń rìn."

Raimo nàró. Ó ti ń rìn. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bímọ, ọmọ náà jókòó, ó rá, ó dìde, òun ò sì gbé e mọ́ra lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ife ìdíje. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ tú ewé, ó sì rí àwo náà níwájú rẹ̀ gan-an. Ó rọra da ewé bò ó, kí wọ́n lè máa wá a lọ, ó kọjá síwájú, ó sì bi Ahti pé kí lorúkọ ọmọ náà, ta ló jọ, eyín mélòó ló ti hù.