Àǹtí Jókòó àti Ìrọ̀rí Onílé-ìtura

Wọ́n ní bí o bá wọ ọ́fíìsì àwọn onímọ̀ràn òwò tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, wọ́n á fi aṣọ dúdú dì ọ́ lójú. Wọ́n á gbé orí rẹ lé tábìlì, wọ́n á fẹ́ nǹkan sí ọ nímú, oorun á gbé ọ lọ. Kí o tó jí, wọ́n á ti fa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jáde kúrò ní agbárí, wọ́n á ti tà á fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Tí o bá délé tí o mú abẹ́rẹ́ dání, o ò ní mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta wa ló sọ ọ́ fún mi. Ó fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè.

"Àbúrò, ojú mi báyìí ló ṣe. Obìnrin ni. Wọ́n dì í lójú. Ó sùn bí igi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe nígbà tẹ́ ẹ rí i?"

"Mo sá ni! Kí ni kí n ṣe?"

Obìnrin tó rí yẹn, àǹtí mi ni.

Àbúrò ìyá mi ni, ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Láti kékeré mi, ohun tí mo ń gbọ́ tí gbogbo èèyàn ń sọ fún un ni, "Jókòó! Jọ̀ọ́, jókòó!" Èmi rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo pè é ní Àǹtí Jókòó níwájú àlejò, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ẹ dákun, mo máa pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí. Tí mo bá ní "wọ́n", ẹ ó máa rò pé wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ogún èèyàn. Ìyá mi nìkan ni mo máa pè ní "wọ́n", torí àwọn ló máa kọ́kọ́ kà á.

Àǹtí Jókòó kì í jẹun lórí ìjókòó. Ó ń fọ eyín lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ̀ ọ́ bọ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, ó ń yí bí ẹja inú garawa. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni lílọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, ó ní ìdí tóun fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìdúró ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òwò tara rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lógún. Ó kọ́kọ́ ṣe àbẹ́là. Àbẹ́là náà ń jó dáadáa, àwọn èèyàn ń rà á, ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fi àwọ̀ sí i. Ó fi òórùn òdòdó sí i. Nígbà tó yá, ó fi ìyẹ́ adìẹ yí i ká kó lè lẹ́wà. Ẹni tó ra èyí tó kẹ́yìn ní òun dúpẹ́ pé aṣọ fèrèsé nìkan ló jóná. Ó kúrò níbẹ̀, ó ṣe ọṣẹ. Ọṣẹ ń hó, àǹtí mi ní kò tíì hó tó. Ó tún un ṣe títí tí àwo tí a fi í fọ̀ lálẹ́ fi ń hó di òwúrọ̀.

Àìsùn rẹ̀ ló bí ìrọ̀rí. Ó ní ìrọ̀rí ilé wa ni kò jẹ́ kóun sùn, ó sì rán òmíràn: aṣọ funfun, òwú, sípù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìrọ̀rí lásán. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú ilé kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Kó tó yíjú padà, bàbá kan tó ní ilé ìtura ní òpópónà kejì, tí ọrùn ń dùn, ti bá ìyá mi ná an, ó ti rà á lọ.

Bàbá náà tètè padà wá. Ọrùn rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì bíi ti òwìwí.

"Mo sùn," ó ní, bí ẹni tó ń ròyìn iṣẹ́ ìyanu. "Ìyá, mo sùn! Mo fẹ́ irú rẹ̀ fún gbogbo yàrá mi. Irú rẹ̀ gan-an o."

Àǹtí Jókòó ò dúró gbọ́ "gan-an" yẹn dé ìdí. Ọjọ́ náà ló sáré lọ sí ilé ìfọṣọ, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé bí oṣù yìí bá ti parí, ó dàbọ̀. Ìyá mi di orí mú.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì rán ìkejì!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀."

Ẹ wo ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ó rán ìkejì lóòótọ́. Ó gbé etí rẹ̀ ga, kí orí má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó rán ẹ̀kẹta, ó dá àpò fóònù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn rí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé. Òmíràn ní ihò láàárín fún etí, èmi sì fi ojú mi sínú ihò náà, mo ní, "Ta nìyẹn?" ó fi lílù lé mi jáde. Nígbà tí Bàbá Onílé-ìtura wá wo iṣẹ́, gbogbo wọn tò sórí ibùsùn bí ọmọ ìyá kan tí bàbá wọn ò mọra.

"Ìyá, tèmi ńkọ́?"

"Bàbá, ìwọ̀nyí dára jù ú lọ fíìfíì!"

"Èmi ò ní kó dára jù ú lọ, mo ní kó jọ ọ́. Bí àlejò yàrá kan bá ní àpò, ti yàrá kejì á ní òun náà fẹ́ àpò. Ṣé ìjà ni mo wá rà ni?" Ó tún fìlà dé. "Ọjọ́ Ẹtì ni màá padà wá. Tí mi ò bá bá méjì tó jọra, màá lọ ra ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ má bínú."

Ilé wa di ibùdókọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Àǹtí mi ń lọ, ó ń bọ̀. Iṣẹ́ ilé ìfọṣọ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti ìrọ̀rí ò sì tíì bọ́ sí i. Ó lè jókòó ti ẹ̀rọ, kó rán ìrọ̀rí dé ìdajì, kí ó jọ ti bàbá náà bí ìbejì, ọwọ́ rẹ̀ á kàn yà báyìí, ìbejì á hùwo. Tí ìyá mi bá bi í léèrè, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ibi tó ti lè dára sí i, ṣé kí n wá di ojú ni?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn onímọ̀ràn òwò. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́! Ohun ọ̀fẹ́ ló ń gbówó lórí jù. Kí wọ́n lè jí iṣẹ́ mi, àbí?"

Mo wá rí i pé tààrà ò ní gbà. Mo yí ohùn padà. "Ó dáa, ẹ má lọ gba ìmọ̀ràn. Àga ibẹ̀ ni mò ń rò. Wọ́n ní ó le bí òkúta. Màdáámù ibẹ̀ ń fi ìdí kan jókòó, ó ń fi ìkejì sinmi." Irọ́ gbuu ni, ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀ rí. Mi ò tíì pa ẹnu dé tí àǹtí mi ti ń kó gbogbo ìrọ̀rí sínú àpò, títí kan ìrọ̀rí bàbá náà tó fi sílẹ̀ fún àwòṣe.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì náà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí bẹ́ǹṣì tí àwọn èèyàn ń jókòó sí títí ó fi máa kàn wọ́n, ẹni tó ń tún bàtà ṣe sì wà lórí bẹ́ǹṣì náà pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Obìnrin kúkúrú kan ni Màdáámù, ó gbé awò ojú sórí irun, ó sì ń wá a kiri tábìlì. Ó ti ní ilé búrẹ́dì rí. Ó ṣí ìkejì kí àkọ́kọ́ tó dúró dáadáa, méjèèjì sì wó lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ kí á tó jókòó, bí ẹni tó ń fi ojú àpá han àlejò.

Àǹtí mi wo àga. Tìmùtìmù rírọ̀ ni. Ó yí ojú sí mi, mo yí tèmi sí òrùlé.

"Ẹ káàbọ̀, ma," Màdáámù ní. "Ta lẹ ń ṣe ìrọ̀rí fún?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní orí lọ́rùn."

Màdáámù rẹ́rìn-ín, awò ojú já bọ́ sí imú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ọgbọ́n fa ọ̀rọ̀ Bàbá Onílé-ìtura jáde, pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilé ìfọṣọ àti ọjọ́ Ẹtì. Lórí ìrìn ni àǹtí mi ti ń dáhùn, láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn.

"Èwo ni bàbá náà ní kẹ́ ẹ ṣe?"

"Èyí. Ṣùgbọ́n kò tíì parí, Màdáámù, ìrọ̀rí lásán ni."

"Ṣé ó ní ó ń dun òun ni?"

"Ó ní òun sùn."

"Ta ló wá ń ráhùn?"

Àǹtí mi dúró. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ̀yin lẹ tún ń ráhùn. Oníbàárà wá ńkọ́?" Màdáámù fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan. "Èwo lẹ wá gbà pé ó dára jù?"

"Alápòó! Kódà tẹ́ ẹ bá dì mí lójú, màá mọ̀ ọ́n."

Ṣé wọ́n máa ń sọ irú rẹ̀ níwájú mi? Mo ti bọ́ ìborùn dúdú mi lọ́rùn. Mo dì í lójú, mo fà á jókòó, mo gbé orí rẹ̀ lé tábìlì, mo sì ń ti ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí le." Alápòó nìyẹn. Màdáámù fọwọ́ bo ẹnu.

"Èyí ń gún mi létí." Olóṣùpá.

Mo ti báàgì ara mi sábẹ́ rẹ̀, tòun ti kọ́kọ́rọ́ àti ìgò ìpara.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí nìyí. Ẹ ò rí i pé ó ní agbára nínú?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Màdáámù ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo kó ẹ̀rín mi níjàánu, mo yọ báàgì, mo fi ìrọ̀rí lásán ti bàbá náà sí i. A ń retí ohun tó máa sọ. Màdáámù tẹ̀ sílẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn. Àǹtí mi ń hanrun.

Ẹni tó bá mọ àǹtí mi á mọ̀ pé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Mi ò rí i kí ó dúró jẹ́ẹ́ báyìí rí. Mo wo fèrèsé, kí n tó rí ojú ẹni tó ń tún bàtà ṣe dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, ó fi sálúbàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Màdáámù ní kí n jẹ́ kó sùn. Ó jáde, ó lọ ń dá àwọn yòókù lóhùn lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tó jí, ó ké, "Ta ló pa iná?" Mo tú ìborùn. Ó wo ìrọ̀rí tó wà níwájú rẹ̀, ipa rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò bá mi jà, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọlé.

"Ma," Màdáámù tó ti padà wọlé ní, "ọwọ́ tó ń yún yín yẹn, ẹ má gé e. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹ fi páálí gé àwòṣe èyí, kó má yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín máa ki òwú, kí ẹ̀yin máa rán. Tí ọwọ́ bá tún yún yín, ẹ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, ẹ rán èyí tó níwo nígbà yẹn. Kẹ́ ẹ sì padà lọ bá ọ̀gá ilé ìfọṣọ, kẹ́ ẹ ní kó fún yín ní àárọ̀ nìkan."

"Lẹ́yìn tí mo ti kí i pé ó dàbọ̀? Ojú á tì mí!"

"Ojú ti èmi náà nígbà tí ilé búrẹ́dì mi wó. Mo ṣì wà láàyè."

Àǹtí mi lọ. Ó rìn kọjá ilé ìfọṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ ò tilẹ̀ gbé ojú sókè: "Mo mọ̀ pé wàá padà. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn."

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì, páálí wà lórí tábìlì, ìyá mi ń ki òwú, wọ́n sì gbé sísọ́ọ̀sì sórí itan bí ọlọ́pàá. Mo rí i tí ríbọ́ọ̀nù pupa kan yọ́ wá sí etí ìrọ̀rí. Ìyá mi rẹ́ ẹ. Ọ̀kan mìíràn yọ́ wá. Wọ́n tún rẹ́ ẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀ bíńtín."

"Jókòó."

Nígbà tí Bàbá Onílé-ìtura dé, ó kó ìrọ̀rí tirẹ̀ pọ̀ mọ́ méjì tuntun. Ó gbé orí lé èyí, ó gbé e lé tọ̀hún, ó yí wọn po, ó tún yí wọn po. Àǹtí Jókòó ń tẹ ẹsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Bàbá náà dìde, ó ti dàrú mọ́ ọn lójú.

"Èwo wá ni tèmi?"

Àǹtí mi la ẹnu. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Èyí tó bá wù yín, sà," ni ìyá mi wí.

Bàbá náà mú ọ̀kan, ó gbé e sí abíyá, ó ní kí á máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ṣì ń sọ tirẹ̀ ní ìkóríta, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń pọ̀ sí i. Ó ní àbí a ò rí i pé láti ọjọ́ yẹn, obìnrin náà ò dá nǹkan tuntun mọ́, ìrọ̀rí kan náà ṣáá lòun ń rí lórí okùn ìsáṣọ wa. Pé wọ́n ti fa iṣẹ́ náà jáde, wọ́n ti tà á, ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń rán an báyìí. Mo fún un ní sálúbàtà rẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀ fún un: àná ni Àǹtí Jókòó kó èyí tó kẹ́yìn nínú ìrọ̀rí náà lọ sí ilé ìtura, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi rán gbogbo wọn.