Ìborùn Alhaja ló di ọ̀já nínú bàálù

Ẹ bá mi gbọ́ èyí o.

Èmi, ọmọ mi àti Alhaja, ìyá ọkọ mi, la jọ wọ bàálù lónìí. Bàálù ò tíì kúrò lójú kan tí aago kan fi bẹ̀rẹ̀ sí ké. Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ní àfàìmọ̀ kí iná má ti sọ lẹ́ńjìnì, ká bọ́ sílẹ̀ kíá, ká fi báàgì sílẹ̀.

Mo sáré dìde. Ọmọ ń yọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ni Alhaja bá tú ìborùn orí wọn. "Ìyàwó mi, bẹ̀rẹ̀." Wọ́n so ọmọ mọ́ mi lẹ́yìn pinpin.

Ọkùnrin kan pariwo lẹ́yìn wa: "Mama, ẹ kúrò lọ́nà! Iná nìyẹn o!"

Alhaja ní, "Kí iná náà ṣe sùúrù. Ìyàwó mi ń pọnmọ."

A bọ́ sílẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ́ńjìnì wò, kò síná kankan, aago ló kàn ké.

Ìgbà yẹn ni mo wo Alhaja. Látìgbà tí mo ti wọlé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mi ò rí irun wọn rí. Ó funfun báláú, gbogbo ọkùnrin sì ń wò ó. Mo fẹ́ tú ìborùn náà fún wọn.

"Fi sílẹ̀ jàre. Ọmọ ń sùn."

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí lẹ rò pé mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yìí?