Láísẹ́ǹsì Ojú Ọ̀sán

Tíṣà ìṣirò ni mí ní Ayétòrò nígbà náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàlúù ni mo fi ń gbádùn ayé mi. Bí ọ̀kan bá ti dún láti ìhà Ìkẹjà, tó forí lé Kùtọnu, màá ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, màá sáré bọ́ síta, màá ka ẹ́ńjìnnì rẹ̀, màá sì kọ àkókò tó kọjá sínú ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò wọ bàlúù rí. Inú ìwé òfin ìwakọ̀ òfuurufú kan tí mo rà ní Èkó ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo sì kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já.

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí ọmọ ilé kejì sí tiwa ti Amẹ́ríkà dé, tó ti di páílọ́ọ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí láti kékeré. Iléeṣẹ́ kan gbà á ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ pààrọ̀ láísẹ́ǹsì Amẹ́ríkà rẹ̀ sí ti Nàìjíríà. Bí wọ́n ṣe fún un ní tuntun, ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá tààrà.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n dà á kọ."

"Ẹ̀gbọ́n! Ta ló tún lè fẹ́ da irú èyí kọ, bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Mo dà á kọ láti orí nọ́ńbà dé orí òǹtẹ̀. Ní ojú ewé kẹta, wọ́n kọ ọ́ pé ojú ọ̀sán nìkan ló lè wakọ̀. Kò ya èyíkéyìí nínú wa lẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, inú láísẹ́ǹsì kan náà ni àṣẹ òru wà, ó sì ti fò lóru lọ́hùn-ún láìmọye ìgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba ti òru: olùdánwò á bá a gbéra, á bá a balẹ̀ nínú òkùnkùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ó ti forúkọ sílẹ̀, ó ń retí kí ó kàn án ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, bàbá àgbẹ̀ kan wá bá mi láti Ìgbógìlá, òun àti àbúrò rẹ̀. Ọmọ bàbá yìí, nọ́ọ̀sì ní Ìláròó, ni páílọ́ọ̀tì wa fẹ́ fẹ́. Wọ́n ti wádìí ilé rẹ̀, wọn ò rí àbùkù kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kù.

Bàbá ní, "Tíṣà, wọ́n ní ìwọ lo mọ ìdí iṣẹ́ yìí. Ṣé páílọ́ọ̀tì pípé ni ọmọ yìí?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló yẹ ìbéèrè yẹn: pípé ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì rí láyé mi. Mo lọ gbé ìwé tí mo dà á kọ sí.

"Páílọ́ọ̀tì ni, Bàbá. Àmọ́ kò tíì láṣẹ láti fò tí ilẹ̀ bá ti ṣú." Mo ṣàlàyé pé nínú òfin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú. Mo tilẹ̀ sọ àkókò tí oòrùn wọ̀ lánàá.

Àbúrò bàbá lu itan. "Bí adìẹ! Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, abẹ́ àgò ló ń wọ̀! Ẹ̀gbọ́n, adìẹ lẹ fẹ́ fi ṣe àna o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn yòókù ń fò lóru?"

"Wọ́n ń fò, Bàbá."

"Kí ló dé tí wọn ò fún òun láṣẹ?"

Gbólóhùn kan péré ló máa gbà: ó ń retí ìdánwò ni. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú un láti orí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, mo ń bọ̀ wá sórí ti Amẹ́ríkà, nígbà tí bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Ó tó, Tíṣà. O ṣeun tí o ò bò ó."

Mo sìn wọ́n dé títì. Mo ṣì lè sọ ọ̀rọ̀ ìdánwò náà níbẹ̀. Àmọ́ inú mi ń dùn pé àgbààgbà ti Ìgbógìlá wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi.

Kí oṣù tó parí, mo gbọ́ pé bàbá ti ní kí ọmọ òun má retí ẹni tí ìjọba kò fọkàn tán. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a lóko.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí kò parí."

"Ṣé irọ́ lo pa fún mi?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ó ti ń fò lóru báyìí?"

"Kò tíì, àmọ́..."

"Nígbà tó bá ń fò, kó wá." Ó tẹ̀ síwájú, ó ń kọ ebè rẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ kí òǹtẹ̀ náà tó jáde. Páílọ́ọ̀tì sáré gbé e wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ kà á fún Bàbá. Mi ò mọ oníbàjẹ́ tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n á gbà yín gbọ́."

Mo wo òǹtẹ̀ náà títí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Jẹ́ ká lọ."

Ní Ìgbógìlá, mo ka ojú ewé kẹta náà ketekete. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní wọ́n ti gba obì ìdílé mìíràn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó wò mí, ó wo ọmọkùnrin náà, ó tún wò mí. Mo mọ ohun tó ń retí kí n sọ. N kò sọ ọ́, òun náà kò sì sọ ọ́.

A rìn dé gárééjì. Páílọ́ọ̀tì dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku.

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣe tiyín."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."