Òróró Lórí Dùrù Tuntun

Orin kan péré ni dùrù oníná tí ìjọ wa l'Óǹdó dáwó rà kọ, kò tilẹ̀ kọ ọ́ parí. Òróró tí wọ́n fi yà á sí mímọ́ ló pa á.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó sídìí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ló ti ń tẹ dùrù fún wọn kí Èkìtì tó gba ìpínlẹ̀ tiwọn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, ìdí dùrù nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni ti ń retí rẹ̀. Mo wá láti Àkúrẹ́ kí n lè bá a yọ̀.

Ohun tuntun kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n má da òróró sí i. Dùrù àtijọ́ náà gba tirẹ̀, kò sì kú. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé nǹkan á bà jẹ́ lọ́jọ́ kan: ìdè tó ṣeé tú ni wọ́n fi dì í, ohùn kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a tú u, a fi òwú nu inú rẹ̀, a tún dì í. Àwọn tó ṣe tuntun kó gbogbo ohùn sábẹ́ gíláàsì kan ṣoṣo, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pa. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rà á pé kí wọ́n wá irú èyí tó ṣeé tú. Alága ìgbìmọ̀ ní, "Tíṣà, dùrù la fẹ́ rà, a ò ṣí ilé mẹ́káníìkì."

Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, ó tún bẹ àlùfáà: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òróró kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má dà á sójú ẹ̀."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló máa kọrin ni, Tíṣà?"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Àlùfáà dà á sójú rẹ̀. Òróró ṣàn gba etí gíláàsì wọlé. Wọ́n dá orin, ohùn fèrè di ohùn kàkàkí fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá.

Màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. "Hẹn! Inú Tíṣà ti dùn báyìí. Ṣebí kò fẹ́ ẹ látilẹ̀."

A gbé dùrù náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún irú ẹ̀ ṣe ní Àkúrẹ́. Ó dojú rẹ̀ dé, tọnafíìsì lọ́wọ́, kò rí ìdè kankan.

"Alàgbà, ẹni tó ṣe èyí ò rò tèmi mọ́ ọn o."

"Kò rò tiwa náà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta ni ì bá sọ fún un pé à ń da òróró?"

Nígbà tó fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ ti rin gbingbin. Dùrù àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n ti fi í ta ìjọ kékeré kan nítòsí Ìpògùn lọ́rẹ. Ó ṣì ń kọrin níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti sọ ohun tó kàn. Wọn ó ra òmíràn, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ti àkọ́kọ́ náà. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni yóò da òróró sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti yunifásítì Ìlárá-Mọ̀kín ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, nítorí òun kò ní ẹ̀mí iyèméjì. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kó wá jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, kó máa ṣe àmín.