Ẹ̀dà Tí Ohùn Ọkọ Mi Wà Nínú Rẹ̀

Láíbúrárì yunifásítì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Èmi ni mò ń fún ìwé ní nọ́ńbà, èmi ni mò ń sọ pé èyí ń lọ sórí pẹpẹ yìí, ìyẹn ń lọ sórí tọ̀hún. Ìwé kì í bá mi jiyàn. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi sí ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́ràn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kọ̀ǹpútà kan gba ojú fèrèsé nílé wa ní Mayfair, nínú Ifẹ̀, lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà o. Orí ọkọ mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹsẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń mú ṣíbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà. Ohun kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni "Ẹ̀n-ẹ́n." Ṣé ẹ ó mu tíì? Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé kí n gbé tíì náà kúrò? Ẹ̀n-ẹ́n. Ọkùnrin tó jẹ́ pé kó tó ti géètì wọlé, àwàdà rẹ̀ á ti dé pálọ̀! Ọmọ Ìlódè ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn sì ni èmi. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra ni ó ti ń fi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí èmi náà ń fi Ifẹ̀ tirẹ̀ san án padà fún un. Ilé wá dákẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, mo wá rí i pé ìdákẹ́jẹ́ kan wà tí n kò lè fara dà.

Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn sọ fún mi pé ohun tí ènìyàn bá ti há sórí tipẹ́ lè jáde ṣáájú ọ̀rọ̀ tuntun: orin, àdúrà, ewì ilé ìwé. Mo délé, mo gbé ìwé orin jáde. Ó bá mi kùn ún, ohùn orin náà sì pé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo gbìyànjú Sáàmù tí gbogbo ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ̀. Ó wo ẹnu mi títí mo fi parí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Mo lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún, mo bọ́jú, mo padà wá.

Ọjọ́ kan tí mò ń ṣa ẹ̀wà ni fíìmù wa sọ sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré, ẹgbẹ́ eré ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe fíìmù kan pẹ̀lú kámẹ́rà tí a yá. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó sá kúrò nílé tó sì padà wá. Ọkọ mi ṣe bàbá rẹ̀. Ìgbà kan péré ló sọ̀rọ̀ nínú eré náà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹbí wọn ní Ìlódè, níbi ilẹ̀kùn onígi kan tí kò tíì pa dé dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ni: "Ilẹ̀kùn ò tì. Wọlé, ọmọ mi, oúnjẹ rẹ ṣì gbóná." Èmi ni mo di ìwé eré mú lẹ́yìn kámẹ́rà, tí mò ń rán àwọn tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn létí. Ẹni tó wá gbàgbé jù ni ọkọ tèmi. Gbogbo ìgbà tó bá dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí yóò wí ni, "oúnjẹ rẹ ti tutù." Gbólóhùn tèmi nìyẹn, èyí tí mo máa ń fi pàdé rẹ̀ nígbà tó bá pẹ́ dé láti kílọ́ọ̀bù. Àwọn òṣèré á bú sẹ́rìn-ín, èmi á sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ṣì gbóná!" Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, a kì í jẹun kí ọ̀kan nínú wa má sọ pé ó ti tutù.

Ọmọbìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn ti kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lọ, ó sì ti sọ wọ́n di fáìlì. Mo pè é. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sínú háàdì díìsìkì kan. Ẹ̀dà méjì ni fíìmù náà ní: èyí tó gùn, tí a kọ́kọ́ ṣe, tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú, àti èyí tó kúrú, tí ṣọ́ọ̀ṣì tún ṣe nígbà tó yá, tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní. Nínú fífọ̀ yẹn, wọ́n gé ìran ẹnu ọ̀nà sọnù. Wọ́n ní ó fa eré gùn. Lẹ́yìn ẹ̀dà méjèèjì, fáìlì kéékèèké mẹ́rin tún wà, ìyẹn àwọn ibi tí òṣèré ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Mo fẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ ohùn ara rẹ̀, bóyá yóò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ká sọ òótọ́, èmi gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ti ń gbàgbé bó ṣe rí.

Kọ̀ǹpútà tó wà nílé kò ní ohùn mọ́, sípíkà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ti fi áàpù kan sínú rẹ̀, tó máa ń to fíìmù sórí tẹlifíṣàn pálọ̀ bí ìwé lórí pẹpẹ, pẹ̀lú fọ́tò ìwájú àti gbogbo rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi lórí fóònù.

"Mọ́mì, fíìmù kan, fódà kan. Ẹ kọ orúkọ fíìmù àti ọdún sára fódà. Ẹ̀dà méjèèjì á wọ inú rẹ̀, kí orúkọ wọn sì bẹ̀rẹ̀ bíi ti fódà gẹ́lẹ́. Ìparí orúkọ ni ẹ ó ti wá ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àwọn extras, ìyẹn fáìlì kéékèèké mẹ́rin yẹn, wá ní fódà kékeré tiwọn."

"Ṣé èmi lò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan?"

"Ẹ má bínú, mà."

Mo to ó. Ẹ̀dà tó gùn ni mo pè ní Ẹ̀gbọ́n, torí òun la kọ́kọ́ bí. Èyí tó kúrú ni mo pè ní Àbúrò. Àwọn mẹ́rin yòókù, mo kó wọn sí fódà kékeré kan, mo pè é ní Àṣìṣe. Inú mi dùn. Mo gbé ọkọ mi jókòó sórí àga rẹ̀, mo sọ ohun tí a fẹ́ wò fún un, ó sì jókòó síwájú dáadáa. Lórí tẹlifíṣàn, áàpù náà ti lọ wá fọ́tò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún fíìmù ṣọ́ọ̀ṣì wa: òyìnbó kan tó gbé ìbọn dání nínú yìnyín. Mo mójú kúrò lára ìyẹn, mo tẹ̀ ẹ́.

Eré bẹ̀rẹ̀, ó mọ́ rekete. Ọmọbìnrin náà sá nílé, ó jìyà, ó ronú, ó gbéra ó ń bọ̀ nílé. Ọkọ mi na ọrùn. Kí a tó ṣẹ́jú, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, wọ́n ń kọrin ọpẹ́. Ìlódè kò yọjú, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn kò yọjú. Ọkọ mi yíjú sí mi. N kò ní gbàgbé ojú náà. Ó dà bí ẹni pé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ digbí. Mo ṣí i lójú kọ̀ǹpútà, mo wo ìran náà. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, irun rẹ̀ ṣì dúdú, ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Irú èyí ni mò ń wò nílé lójoojúmọ́, kò tún yẹ kí n lọ wò ó nínú kọ̀ǹpútà. Mo tún áàpù náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Àbúrò ló ń jáde ṣáá. Inú bí mi gidi. Mo pinnu pé màá pa Àbúrò rẹ́ ráúráú kí Ẹ̀gbọ́n lè ráàyè. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pe Ìbàdàn láti lọ bínú sí ẹnìkan.

"Mọ́mì, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o! Méjèèjì wà níbẹ̀. Ó ti so wọ́n pọ̀ di fíìmù kan ni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo abẹ́ orúkọ fíìmù, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń yan version."

"Kí ló dé tí kò fi mú Ẹ̀gbọ́n ṣáájú?"

"Èyí tí àwòrán rẹ̀ bá mọ́ jù ló máa ń mú ṣáájú, mà."

Ẹ ò rí ayé! Lọ́dọ̀ áàpù yìí, ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń dán jù ni àgbà. Ojú tún tì mí, torí mo mọ̀ nípa ẹ̀dà. Ìwé kan lè ní ẹ̀dà mẹ́ta, káàdì kan náà ni a ó ti dárúkọ gbogbo wọn, ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́ yóò béèrè ti àtijọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni mo ti bá wí nítorí pé wọ́n mú èyí tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ bà? Èmi náà kò béèrè.

Lọ́jọ́ kejì, a tún jókòó. Mo yan Ẹ̀gbọ́n. Àwòrán ṣú, ìlà funfun ń sáré kọjá lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Ìlódè yọ, ilẹ̀kùn yọ, ọkọ mi sì sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kún pálọ̀. Mo ti gbàgbé pé ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún, n kò sì lọ sí ilé ìdáná lọ́tẹ̀ yìí. Òun náà ń wò, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Mo pa eré dúró, mo ní, "Ẹ sọ ọ́, Dádì."

Ó gbìyànjú. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ. "Ẹ̀n-ẹ́n," ló jáde, ó sì gbá apá àga.

A wò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibì kan náà ni a ń dé. Ìgbà tó yá ni mo wá rò ó pé nínú fíìmù gan-an, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àṣìṣe, èmi ni mò ń dá ọ̀rọ̀ náà, tí òun ń gbè é. Àwa méjèèjì la jọ há a sórí. Àwọn àṣìṣe yẹn ni mo nílò, wọn kò sì hàn níbi kankan lórí tẹlifíṣàn.

"Orúkọ wo lẹ fún fódà wọn?" ni ọmọ wa béèrè.

"Àṣìṣe."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní orúkọ díẹ̀ báyìí ni áàpù náà mọ̀ fún irú fódà bẹ́ẹ̀, èdè òyìnbó sì ni gbogbo wọn. Èyí tí kò bá mọ̀, á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ní irú àlejò wo nìyí, tó wọlé onílé tí kò gbọ́ èdè ilé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà pè é ní extras. Orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ fún àwọn fáìlì inú rẹ̀." Mo yí i padà. Mo ní kí áàpù tún gbogbo nǹkan kà. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ òyìnbó oníbọn wa, fọ́tò kéékèèké mẹ́rin tò jáde, ojú ọkọ mi sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àsáró síwájú rẹ̀, ó ń rú èéfín. Mo tẹ àkọ́kọ́. Ohùn mi ló kọ́kọ́ jáde, ohùn ìyàwó ilé tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré, tí kò sì ní sùúrù: "Ilẹ̀kùn ò tì…" Ó gbà á, ó dé ìdí ọ̀rọ̀, ó ṣì í sọ, gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín lórí àga. Èkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ara mi tí mò ń pariwo sí i pé tí ebi bá ń pa á, kí ó sọ. Nígbà tí ẹ̀kẹrin parí, tẹlifíṣàn dákẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

"Ilẹ̀kùn ò tì," ni mo wí.

Ó wò mí. Ó wo abọ́ àsáró. Ẹnu rẹ̀ ṣe kọ́rọ́kọ́rọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Oú… oúnjẹ…"

Mo di apá àga mú.

"Oúnjẹ rẹ ti tutù."

"Ṣì gbóná!" ni mo pariwo, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ó bu àsáró, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì torí pé ó ń jó o lẹ́nu, ó gbé e mì, ó wá wò mí lójú kòrókòró. "Tutù," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Kì í ṣe pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, èmi ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nínú ilé mi, lórí oúnjẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi sè.

Mo pe Ìbàdàn. Nígbà tí ọmọ wa gbé fóònù, n kò kí i. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu bàbá rẹ̀, mo ní, "Dádì, báwo ni oúnjẹ yín?"

"Ti tutù," ni ó sọ fún un.

Mo gbọ́ tí ọmọ wa kígbe. Àsáró ń rú èéfín níwájú rẹ̀, ọkọ mi sì ń fẹjọ́ mi sun ọmọ mi, mo sì jókòó tì í, mo ní kí ó tún un sọ.